Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọmọ ń bàjẹ́ lọ́dọ̀ òbí kejì: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí yíyí àṣẹ àbójútó ọmọ padà

Ìgbéyàwó ti tú ká, kọ́ọ̀tù ti sọ ọ̀dọ̀ ẹni tí ọmọ yóò máa gbé, ọ̀rọ̀ sì ti ń rọlẹ̀. Ìgbà náà ni òbí tí ọmọ kò gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ wá ń gbọ́ láti ilé-ìwé pé ọmọ kì í wá, tàbí pé ẹ̀kọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kó tó dé, tàbí pé ìwé kíkà rẹ̀ ń lọ sẹ́yìn. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e ló wà nísàlẹ̀ yìí. Òfin ìlú kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, agbẹjọ́rò tó mọ òfin ibi tí ọmọ ń gbé ló sì lè sọ bí ẹjọ́ tiyín ṣe rí gan-an. Àmọ́ ohun kan jọra níbi púpọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ mú un dání bí ẹ ti ń kà á: adájọ́ kò jókòó láti fìyà jẹ òbí tó kùnà. Ilé tí ọmọ yóò ti rí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ́ ló ń wá.

Ṣé kọ́ọ̀tù lè yí àṣẹ tó ti pa padà nítorí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé?

Bẹ́ẹ̀ ni. Àṣẹ lórí ọmọ kò dà bí ìdájọ́ lórí gbèsè tó ti parí síbẹ̀. Ọmọ ń dàgbà, ipò àwọn òbí ń yí padà, kọ́ọ̀tù sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní England, òfin Children Act ti ọdún 1989 sọ ọ́ láti ìlà àkọ́kọ́ pé ire ọmọ ni yóò borí ohun gbogbo, ẹ̀kọ́ sì wà lára ohun tí adájọ́ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Ní Nàìjíríà, abala 71 òfin Matrimonial Causes Act ti ọdún 1970 fi ẹ̀kọ́ ọmọ sí gbólóhùn kan náà pẹ̀lú àbójútó rẹ̀, ó ní ire àwọn ọmọ ni kọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ fi ṣáájú. Child's Rights Act ti ọdún 2003 tún fi kún un pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó jẹ́ dandan, pé ojúṣe òbí sì ni kí ọmọ parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọ, ti ọdún 1989, sọ pé kí ìjọba ṣe ohun tí ọmọ yóò fi máa lọ sílé-ìwé déédéé.

Ẹ má ṣe rò pé ó rọrùn, ṣá. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ohun méjì ni ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn: pé nǹkan pàtàkì ti yí padà láti ìgbà tí wọ́n ti pa àṣẹ àkọ́kọ́, àti pé ìyípadà tó ń béèrè yóò ṣe ọmọ lóore. Adájọ́ kì í fẹ́ tú ọmọ nílẹ̀ níbi tó ti fìdí múlẹ̀. Òun náà mọ̀ pé kíkó kúrò nílé ní ọgbẹ́ tirẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní pípa ẹ̀kọ́ ọmọ tì?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ léraléra, tí òbí tí ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lè dá dúró ṣùgbọ́n tí kò dá a dúró. Ọmọ ń pa ilé-ìwé jẹ láìsí ìdí. Ó ń pẹ́ dé lójoojúmọ́. Sáà tuntun ti wọlé, wọn kò tíì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Ilé-ìwé ti ránṣẹ́ pé ojú ọmọ kò ríran dáadáa, tàbí pé ó ní ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ, oṣù sì ń gorí oṣù láìsí ẹni tó gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Wọ́n ti pààrọ̀ ilé-ìwé fún un lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ń dúró nílé láti tọ́jú àbúrò nígbà tí àgbà bá jáde lọ síbi iṣẹ́.

Ní ti pípa ilé-ìwé jẹ, òṣùwọ̀n kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ní Amẹ́ríkà àti ní England, ọmọ tó bá pàdánù ìdá 10 nínú 100 àkókò ilé-ìwé ni àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ń kà mọ́ àwọn tí àìwá wọn ti di ìṣòro. Bí ọdún ilé-ìwé bá ní ọjọ́ 190, ọjọ́ 19 nìyẹn. Létí lásán, kò pọ̀, torí bí ọjọ́ méjì lóṣù ló jẹ́, ìdí sì nìyí tí àwọn òbí fi máa ń jẹ́ kó kọjá lára wọn. Kò túmọ̀ sí pé ọmọ tó bá pa ọjọ́ 19 jẹ gbọ́dọ̀ kúrò nílé tó wà o. Ó kàn ń fi hàn yín ibi tí àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ agogo.

Ohun tí kò tó láti gbé dé kọ́ọ̀tù náà wà. Pé ilé-ìwé tí ọmọ ń lọ kò lórúkọ tó èyí tí ẹ̀yin fẹ́. Pé ó gba àmì kékeré nínú ìṣirò ní sáà kan. Pé àìsàn dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ kan. Pé òbí kejì kò mọ ìwé tó yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gbé ìkẹyìn yẹn dé iwájú adájọ́ rárá. Òbí tí kò kàwé lè máa jí ọmọ ní kùtùkùtù, kó máa rí i pé iṣẹ́ àṣetiléwá ṣe, kó sì máa lọ sí gbogbo ìpàdé òbí. Irú òbí bẹ́ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Òbí kejì ní òun ń kọ́ ọmọ nílé ni. Ṣé ìyẹn náà jẹ́ pípa ẹ̀kọ́ tì?

Ó sinmi lé ibi tí ẹ wà àti ohun tó ń ṣe gan-an. Abala 7 òfin Education Act ti ọdún 1996 ní England sọ pé kí òbí rí i pé ọmọ gba ẹ̀kọ́ tó bá ọjọ́ orí àti òye rẹ̀ mu, nípa lílọ sílé-ìwé déédéé tàbí lọ́nà mìíràn. “Ọ̀nà mìíràn” yìí ló fàyè gba ẹ̀kọ́ inú ilé. Gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà gbà á láyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlànà wọn kò dọ́gba. Ní Jámánì, ilé-ìwé pọn dandan, ààyè tó wà fún ẹ̀kọ́ inú ilé kò tó nǹkan.

Níbi tí òfin bá ti gbà á, kí ẹ béèrè ohun tí ọmọ ń kọ́, ìwé tó ń lò, iṣẹ́ tó ti ṣe, àti ẹni tó ń kọ́ ọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá wà, ẹ kò ní ẹjọ́. Bó bá jẹ́ pé iwájú tẹlifíṣọ̀n ni ọmọ ń jókòó sí láti àárọ̀ dé alẹ́, ẹ ní kí wọ́n gbé ọmọ lọ fún ìdánwò lọ́wọ́ olùkọ́ tí kò ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú yín.

Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe kí n tó pẹjọ́?

Ẹ lọ sílé-ìwé náà fúnra yín. Ẹ bá olùkọ́ kíláàsì àti ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ béèrè bí ọmọ ṣe ń ṣe àti ohun tí wọ́n rò pé ó ń fà á. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà àti àdírẹ́sì yín kí ìròyìn lè máa dé ọ̀dọ̀ yín náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí òbí kejì. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ pé adájọ́ yóò kà á lọ́jọ́ kan: “Mo gbọ́ pé Táyé kò lọ sílé-ìwé lọ́jọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun. Kí ló ṣẹlẹ̀? Bó bá jẹ́ pé bí yóò ṣe máa débẹ̀ ló ṣòro, mo lè máa wá gbé e láàárọ̀.” Irú ọ̀rọ̀ yìí ń ṣiṣẹ́ méjì. Ó lè yanjú ìṣòro náà lójú ẹsẹ̀, èyí sì ni ìṣẹ́gun tó dára jù. Bí kò bá sì yanjú rẹ̀, ó ti fi hàn pé ẹ na ọwọ́ ìrànlọ́wọ́, wọn kò gbà á.

Ìlàjà náà wà níbẹ̀. Ní England, ẹni tó fẹ́ pẹ ẹjọ́ irú èyí sábà máa ń gbọ́dọ̀ lọ sí ìpàdé kan níbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé ìlàjà kí kọ́ọ̀tù tó gba ìwé rẹ̀. Wọ́n yọ àwọn tí ìwà ipá inú ilé ti ṣẹlẹ̀ sí kúrò nínú dandan yìí. Ẹni tí òbí kejì ti ń lù tàbí ń halẹ̀ mọ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì í lọ jókòó bá a ní yàrá kan lórúkọ àlàáfíà.

Ẹ̀rí wo ló lágbára jù?

Rẹ́jísítà ilé-ìwé. Ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀ pé yóò dé kọ́ọ̀tù, kò sì ní ìdí láti gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ọmọ wá, ọjọ́ tí kò wá, àkókò tó dé, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀.

Bí ọmọ bá ń pín ọ̀sẹ̀ láàárín ilé méjèèjì, ẹ gbé rẹ́jísítà náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà yín. Ọjọ́ wo ni ọmọ sùn lọ́dọ̀ ta? Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ tó jí lọ́dọ̀ òbí kejì ni púpọ̀ nínú ọjọ́ tó pa jẹ bọ́ sí, ìwé kan ṣoṣo yìí yóò ṣe ju wákàtí mẹ́ta àròyé lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọjọ́ yín náà wà nínú rẹ̀, ó sàn kí ẹ rí i nílé ju kí agbẹjọ́rò òdìkejì kà á sí yín létí.

Ẹ fi ìwé èsì sáà kọ̀ọ̀kan kún un, ti ìgbà tí nǹkan ṣì dára àti ti ìsinsìnyí, kí adájọ́ lè rí ibi tí ọ̀nà ti yà. Ẹ fi lẹ́tà tí ilé-ìwé kọ, èsì àyẹ̀wò dókítà tàbí onímọ̀ ìṣòro ẹ̀kọ́, àti àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ̀yin àti òbí kejì fi ráńṣẹ́ síra yín kún un. Àtẹ̀jíṣẹ́ gbọ́dọ̀ pé. Bí ẹ bá gé ibi tí ẹ̀yin ti sọ̀rọ̀ líle kúrò, òdìkejì ní odindi rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ to gbogbo rẹ̀ bí ọjọ́ ṣe tẹ̀lé ara wọn, kí ẹ sì kọ ojú ìwé kan péré síwájú rẹ̀ tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹjọ́ tó wà níwájú adájọ́ pọ̀.

Ohun tí mo rọ̀ yín kí ẹ má ṣe ni gbígba ohùn ọmọ sílẹ̀ lórí fóònù bó ti ń sọ pé màmá tàbí dádì kò jí òun. Ẹ má ṣe rán ọmọ kó lọ ya fọ́tò ilé òbí rẹ̀ kejì. Adájọ́ á rí ọwọ́ yín nínú rẹ̀, ọmọ náà á sì rántí ohun tí ẹ lò ó fún nígbà tó bá dàgbà.

Ilé-ìwé kò fẹ́ fún mi ní àkọsílẹ̀ ọmọ mi.

Níbi púpọ̀, òbí tí ọmọ kò gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ kò pàdánù ẹ̀tọ́ láti mọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin FERPA ti ọdún 1974 fún òbí méjèèjì láyè láti rí àkọsílẹ̀, àfi tí àṣẹ kọ́ọ̀tù tàbí òfin mìíràn bá dí ọ̀kan lọ́wọ́. Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ lórí ìwé, kí ẹ fi ìwé ìbí ọmọ àti àṣẹ kọ́ọ̀tù tó wà nílẹ̀ tì í. Bí wọ́n bá kọ̀ síbẹ̀, agbẹjọ́rò lè ní kí kọ́ọ̀tù pàṣẹ fún wọn.

Ṣé ọmọ yóò wá sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́?

Abala 12 àdéhùn ọdún 1989 tí mo mẹ́nu bà lókè sọ pé ọmọ tó ti lè ní èrò tirẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ tó kàn án, kí wọ́n sì wọn èrò náà bí ọjọ́ orí àti òye rẹ̀ ṣe tó. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọmọ kékeré dúró nínú kọ́ọ̀tù. Ní England, òṣìṣẹ́ Cafcass, àjọ tó ń ṣojú ire ọmọ nínú ẹjọ́ ìdílé, ló sábà máa ń lọ bá ọmọ sọ̀rọ̀, tí yóò sì kọ ìròyìn fún adájọ́. Ní Amẹ́ríkà, kọ́ọ̀tù lè yan aṣojú fún ọmọ, tàbí kí adájọ́ bá a sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀.

Ẹ má kọ́ ọmọ ní ohun tí yóò sọ. Àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá ọmọ lẹ́nu wò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà láti ẹnu ọmọdé tó pọ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n.

Kí ni òbí kejì lè fi gbèjà ara rẹ̀?

Ó lè ní àìsàn ni. Ó lè ní wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ nílé-ìwé, ẹ̀rù ló ń bà á. Ó lè ní ilé-ìwé jìn, kò sí ọkọ̀. Ó lè ní ẹ̀yin ni kò san owó tí kọ́ọ̀tù ní kí ẹ máa san, ìyẹn ni kò jẹ́ kí òun rí ìwé àti yunifọ́ọ̀mù rà. Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Adájọ́ yóò gbọ́ gbogbo èyí, ó sì yẹ kó gbọ́ ọ.

Ẹ wádìí kí ẹ tó débẹ̀. Ọmọ tó ń sunkún láàárọ̀ tó ní inú ń run òun lè máa sá fún nǹkan kan nílé-ìwé, bó bá sì wá sọ́dọ̀ yín, yóò ṣì máa sunkún láàárọ̀. Ní irú ipò yìí, ohun tí ọmọ nílò ni ilé-ìwé mìíràn tàbí ìrànlọ́wọ́ onímọ̀ ọpọlọ. Ìpààrọ̀ ilé kò ní wò ó sàn.

Bí ẹ bá jẹ owó ìtọ́jú ọmọ, ẹ san án kí ẹ tó wọ kọ́ọ̀tù. Ẹ má sì dá owó dúró láti fi tẹ òbí kejì nínú. Ọmọ ni ẹ ń tẹ̀.

Ṣé dandan ni kí ọmọ kó wá sọ́dọ̀ mi pátápátá?

Rárá. Ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ pé ohun tó kéré jù bẹ́ẹ̀ wà tí àwọn lè béèrè. Ẹ lè ní kí àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ nìkan bọ́ sí ọwọ́ yín: ẹ̀yin ni yóò yan ilé-ìwé, tí yóò fọwọ́ sí ìwé ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́, nígbà tí ọmọ ṣì ń gbé níbi tó ń gbé. Ní Kánádà, láti oṣù kẹta ọdún 2021 tí àtúnṣe òfin Divorce Act ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbára ìpinnu lórí ọmọ àti àkókò tí ọmọ ń lò lọ́dọ̀ òbí ti di ohun méjì tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀. Ní England, a lè béèrè àṣẹ lórí ohun kan péré, bí ilé-ìwé tí ọmọ yóò lọ.

Ẹ tún lè ní kí ọmọ máa sùn lọ́dọ̀ yín láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú títí di ọjọ́ Ẹtì, kó máa lo òpin ọ̀sẹ̀ àti ìsinmi lọ́dọ̀ òbí kejì. Tàbí kí kọ́ọ̀tù kàn là á sílẹ̀ fún òbí kejì pé kó máa mú ọmọ lọ déédéé, kí wọ́n sì padà wá jíhìn lẹ́yìn sáà kan. Bí ìṣòro náà bá jẹ́ àárọ̀ nìkan, tí òbí náà sì nífẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa ní gbogbo ọ̀nà yòókù, èyí ni mo rò pé ó tọ́ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Adájọ́ náà máa ń fetí sí ẹni tó béèrè ohun tó mọ níwọ̀n.

Ọmọ wà lọ́dọ̀ mi fún ìsinmi. Ṣé mo lè má dá a padà?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àṣẹ kọ́ọ̀tù tó wà nílẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ títí kọ́ọ̀tù yóò fi yí i padà, ẹni tó bá sì tàpá sí i ti fi ohun ìjà lé òdìkejì lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ òkè òkun ni ẹ gbé e lọ, àdéhùn Hague ti ọdún 1980 wà láàárín ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láti dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà síbi tó ń gbé tẹ́lẹ̀. Bí ọmọ bá wà nínú ewu, bí wọ́n bá ń lù ú tàbí ebi ń pa á, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ilé-ìwé nìyẹn: ẹ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá tàbí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo ọmọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí agbẹjọ́rò yín sì béèrè àṣẹ pàjáwìrì.

Kọ́ọ̀tù wo ni kí n lọ?

Lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tó pa àṣẹ àkọ́kọ́. Ní Amẹ́ríkà, kọ́ọ̀tù náà ni yóò máa ní agbára lórí rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ọmọ tàbí ọ̀kan nínú òbí bá ṣì ń gbé ìpínlẹ̀ yẹn. Ní Nàìjíríà, ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe lábẹ́ òfin ìjọba ń lọ sí kọ́ọ̀tù gíga, ti ìbílẹ̀ ń lọ sí kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀, kọ́ọ̀tù ìdílé sì wà ní àwọn ìpínlẹ̀ tó ti sọ òfin ẹ̀tọ́ ọmọ di tiwọn. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ti kúrò níbi tí wọ́n ti pa àṣẹ náà, ẹ bi agbẹjọ́rò kí ẹ tó ná owó kankan.

Kí ni kí n sọ fún kọ́ọ̀tù pé màá ṣe?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tó dára ti ń kú. Òbí yóò fi ogún ojú ìwé ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkejì, yóò sì fi ìlà kan sọ pé òun yóò tọ́jú ọmọ dáadáa. Adájọ́ fẹ́ mọ bí ọjọ́ Ajé ọmọ yóò ṣe rí lọ́dọ̀ yín. Ilé-ìwé wo? Ṣé àyè wà níbẹ̀? Ta ni yóò gbé e lọ, ta ni yóò gbé e wálé? Bí iṣẹ́ yín bá ń parí ní aago mẹ́fà, ta ló wà nílé láti aago méjì? Níbo ni yóò ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá? Ohun tó ti pàdánù ńkọ́, ta ni yóò kọ́ ọ? Ọjọ́ wo ni yóò máa rí òbí rẹ̀ kejì?

Ẹ kọ ìdáhùn sí gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì gba lẹ́tà lọ́wọ́ ilé-ìwé tí ẹ ní lọ́kàn. Bí ẹjọ́ bá fẹ́ pẹ́, ẹ ní kí agbẹjọ́rò béèrè àṣẹ onígbà díẹ̀ kí sáà tuntun tó wọlé.

Kọ́ọ̀tù ti gbé ọmọ fún mi. Kí ló kàn?

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ jókòó ti olùkọ́ tuntun rẹ̀, kí ẹ sọ òótọ́ ibi tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ dé fún un, kí ẹ ní kí wọ́n dán an wò láìfi ìtìjú kan án. Ọmọ tó ti pàdánù sáà méjì lè má lè ka ohun tí àbúrò rẹ̀ ń kà, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó wà, ìṣẹ́jú díẹ̀ lálaalẹ́. Kò ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba lóṣù kan.

Ẹ máa fi ìwé èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí òbí kejì, kí ẹ sọ ọjọ́ ìpàdé òbí fún un, bó bá wá, kí ẹ jẹ́ kó jókòó. Ẹ rí i pé ọmọ ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí kọ́ọ̀tù dá. Àṣẹ tí ẹ gbà yìí náà ṣeé yí padà.